Oníbàárà rẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀: lẹ́tà sí ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà

Àṣàbí ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ kí o máa lọ sí kóòtù májísíréètì fún àwọn tí kò lówó lọ́yà, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ torí pé Yorùbá rẹ kò kọjá ti ilé ìdáná. O ní kí n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kì í níwọ̀n tó bá ti di ti kóòtù, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ dípò kí n pè ọ́, kí owó fóònù má bàa tán kí ọ̀rọ̀ tó délé.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì: akọ̀wé kóòtù ni mí, wọ́n sì máa ń pè mí dìde pé kí n wá ṣe ògbifọ̀. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́ ògbifọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá tó sì lè sọ òyìnbó ni wọ́n ń fojú wá, ì báà jẹ́ akọ̀wé, ì báà jẹ́ ọlọ́pàá tó jókòó sẹ́yìn tó ń retí ẹjọ́ tirẹ̀. Ibi tí mo dúró sí yẹn, láàárín adájọ́ àti ẹlẹ́rìí, ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí o bá dúró fún ẹnì kan, kí o tó ṣí ìwé òfin, wádìí èdè tó fi ń ronú, kí o sì rí i dájú pé èdè yẹn ni ẹjọ́ rẹ̀ ń gbà wọ etí rẹ̀.

Òfin wà lẹ́yìn rẹ. Ìwọ lo kà á, kì í ṣe èmi, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ tó ní kóòtù tí mo fi lè kà á lórí. Abala 36(6) nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní èdè tó yé e, ó sì sọ pé kóòtù gbọ́dọ̀ fún un ní ògbifọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́. Ohun tí àwọn lọ́yà tuntun kì í tètè rántí ni pé ẹ̀tọ́ yìí kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Gwonto ní 1983: ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó, tàbí lọ́yà rẹ̀, ló máa ké sí kóòtù níbi ìgbẹ́jọ́. Bí lọ́yà bá dákẹ́ títí ìdájọ́ fi dé, tó wá sáré lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn pé oníbàárà òun kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á bi í pé ẹnu rẹ̀ dà lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́. Ẹnu ẹni tí ò ń dúró fún wà lọ́wọ́ rẹ. Má sì jẹ́ kí ó tàn ọ́ bó bá ń mi orí. Àwọn èèyàn wa máa ń mi orí sí òyìnbó tí wọn ò gbọ́, torí ìtìjú ni.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ka ẹ̀sùn, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ kí lọ́yà tó dìde. Wọ́n á pe orúkọ ọmọkùnrin kan, á bọ́ síwájú. Akọ̀wé á ka ẹ̀sùn ní òyìnbó láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì mí. Ògbifọ̀ á wá yíjú sí i: “Wọ́n ní o jí jẹnẹrétọ̀ gbé. Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?” Odidi ìwé ẹ̀sùn ló di gbólóhùn méjì yẹn. Ọjọ́ wo ni, ibo ni, jẹnẹrétọ̀ ta ni, gbogbo ìyẹn ti dà nù sọ́nà. Ọmọ náà á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rí àgbàlagbà tó wọ súùtù dúdú lókè, tí ojú rẹ̀ le. Á wá ṣe ohun tí a kọ́ ọmọ gidi láti ṣe níwájú àgbà tó ń bínú. Á dọ̀bálẹ̀, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mo jẹ̀bi.”

Nílé wa, ẹni tó bá ń jiyàn kí àgbà tó sọ̀rọ̀ tán, olóríkunkun ni. Ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣáájú, àlàyé á tẹ̀lé e nígbà tí ara àgbà bá ti balẹ̀. Bí ìwọ náà ṣe ń ṣe fún mi nìyẹn, kódà nígbà tí o mọ̀ dájú pé àbúrò rẹ ló jẹ̀bi. Ní kóòtù, àlàyé kì í ráyè wọlé mọ́ lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà pé òun jẹ̀bi, agbèfọ́ba á dìde láti ka bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, ó sì di ti ìdájọ́.

Mo rántí ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ títún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ó ti wólẹ̀, ó ti ní òun jẹ̀bi, agbèfọ́ba ti ń ṣí fáìlì. Obìnrin ni májísíréètì ọjọ́ náà, ó sì ní sùúrù. Ó ní kí n bi ọmọ náà pé kí gan-an ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọmọ náà ní ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ ló ní kí òun wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, pé ọ̀gá òun ló tà á nígbà tí òun lọ sílé fún ọdún, pé òun ń bẹ̀bẹ̀ torí pé òun ni òun lọ gbé e, ojú òun ló sì yẹ kó wà lára rẹ̀. Màdámù na ọwọ́ sí akọ̀wé, ó gba ìwé náà, ó fagi lé ohun tó wà níbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé kò jẹ̀bi. Ọmọ náà ṣì ń bẹ̀bẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú. Kì í ṣe gbogbo májísíréètì ló ń béèrè báyìí, ẹjọ́ pọ̀ lórí tábìlì wọn. Nítorí náà, ìwọ ni kí o ti bá ẹni rẹ sọ̀rọ̀ kí ó tó wọlé. Má kàn bi í bóyá ó jẹ̀bi. Ní kí ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o wá ṣàlàyé fún un pé ẹ̀bẹ̀ tiẹ̀ lè dúró di ìgbà tó bá yá.

Tí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ẹ bọ́ sọ́wọ́ ìbéèrè nìyẹn. Kò sóhun tí lọ́yà fẹ́ràn tó kí ó sọ “kò” sínú ìbéèrè, kó sì wá fi “àbí” kàn án mọ́lẹ̀. Ìyá oníràìsì kan wà tó pe oníbàárà rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí gbèsè. Ìyá yìí dúró sójú kan nígbà tí wọ́n ń já àpò ìrẹsì náà, ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà onígbèsè dìde, ó fi òyìnbó bi í, ògbifọ̀ ọjọ́ náà sì yí i sí Yorùbá dáadáa: “Ẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń já ẹrù yẹn, àbí?” Ìyá dáhùn kíá, inú bí i díẹ̀: “Rárá o!” Ìwọ tí o gbọ́ Yorùbá, o mọ ohun tó sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ lọ́yà yẹn kì í ṣe òótọ́, òun wà níbẹ̀. Ògbifọ̀ ní “No”. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí òyìnbó ṣe ń gbọ́ ọ: kò sí níbẹ̀. Ẹnu ìyá fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́, òun náà sì dúró níbẹ̀ tó ń gbá gèlè rẹ̀ mú, kò mọ̀. Bó bá jẹ́ pé “bẹ́ẹ̀ ni” ló sọ, ohun tó máa túmọ̀ sí fún wa ni pé kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, òyìnbó á sì gbọ́ ọ pé ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi ẹlẹ́rìí rẹ ní irú ìbéèrè yìí, dìde. Ní kí kóòtù jẹ́ kí ẹlẹ́rìí fi odidi gbólóhùn dáhùn. Èyí tí mo tún fẹ́ kí o gbọ́ ni pé kí ìwọ náà má fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dẹ pańpẹ́ fún ẹlẹ́rìí ẹlòmíì, bó ti wù kó dùn mọ́ ọ tó. Mo mọ àwọn lọ́yà tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀wọ̀ náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà kan ń jẹ́rìí sí ọ̀gá rẹ̀ tó lù ú. Ó ní, “Wọ́n gbá mi létí, wọ́n wá mú irin, wọ́n fi nà mí lẹ́yìn.” Ọ̀gá kan ṣoṣo ló ń sọ. Kò sí bó ṣe lè pe ọ̀gá rẹ̀ ní “ó” níwájú gbogbo èèyàn, kódà pẹ̀lú àpá lẹ́yìn. Ògbifọ̀ ní “they”. Nígbà tó kan lọ́yà ọ̀gá, ó béèrè pé àwọn mélòó ló lu ọmọ yìí, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀sùn. Ọmọ ní ọ̀gá òun nìkan ni. Lọ́yà yíjú sí adájọ́ pé ẹlẹ́rìí yìí ti sọ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ náà kò sì sọ ju ẹyọ kan lọ láti àárọ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: “ó” wa kò yàtọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin, òyìnbó sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ògbifọ̀ tí kò bá béèrè á kàn mú èyí tó bá wá sí i lẹ́nu, á wá dà bíi pé ọkùnrin ló wọ yàrá tí obìnrin wọ̀.

Ti ọjọ́, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwa a máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, Ajé tó tẹ̀lé e la sọ ọ́ lórúkọ, a sì ní ọjọ́ kẹjọ ni. Bí ẹlẹ́rìí bá ní ọjọ́ kẹta ìjà ni òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú rẹ̀ kí o tó kọ nǹkan kan. Bákan náà ni “bàbá mi” nínú ẹjọ́ ogún: ó lè jẹ́ àbúrò bàbá tó tọ́ ọ dàgbà. Bi í pé ta ló bí i.

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé Yorùbá kan ṣoṣo ló wà, bí wọ́n bá ti ní “ògbifọ̀ Yorùbá” ó ti parí. Mú ẹni tó dàgbà sí Ọ̀yọ́ lọ sí Òkìtìpupa, kó lọ gbọ́ ará Ìkálẹ̀ àgbà kan tó ń sọ bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ bàbá wọn. Á gbọ́ díẹ̀, á sì méfò ìyókù. Bí o bá rí i pé ògbifọ̀ ń méfò, sọ fún kóòtù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ohun tó ṣòro jù láti kọ́ ẹnikẹ́ni ni bí àwọn àgbà wa ṣe ń to ọ̀rọ̀. Bi bàbá kan pé, “Ta ló ni ilẹ̀ yìí?” Á bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá rẹ̀ tó dé láti ogun, ẹni tó gbà á sílé, igi tí wọ́n fi pààlà, obìnrin tó kú níbi ìbímọ tí wọn kò fi lè tètè dá oko ní ẹ̀bá odò. Adájọ́ á kan tábìlì: “Kí ó dáhùn ìbéèrè!” Bàbá á dákẹ́, ojú á tì í, á sì gé e kúrú: “Ilẹ̀ wa ni.” Ọ̀rọ̀ tó ní láárí ti wọlẹ̀ lọ. Lójú bàbá, ìbéèrè ni ó ń dáhùn, torí pé bí ẹni tó fúnni nílẹ̀ kò bá sí nínú ọ̀rọ̀, ilẹ̀ kò ní olóhun. Lójú òyìnbó kóòtù, ìtàn lásán ni. N kò ní kí o bá adájọ́ jà. Àkókò kóòtù kò pọ̀, adájọ́ náà ní tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ́fíìsì rẹ ni kí o ti jẹ́ kí bàbá sọ ọ́ tán, láì dá a lẹ́nu, kí ó mu omi láàárín. Kí o wá jókòó tì í, kí o fi hàn án ibi tí ìbéèrè rẹ á ti máa mú un lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó lè sọ gbogbo rẹ̀ fún kóòtù ní wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Má gbàgbé àgọ́ ọlọ́pàá. Abala 35(3) ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó jáde ní 2015, tún sọ nínú abala 17 pé bí afurasí kò bá gbọ́ òyìnbó, ògbifọ̀ ni kó kọ ohun tó sọ, kó kà á fún un títí á fi yé e, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, ohun àkọ́kọ́ tí o gbọ́dọ̀ wò ni ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó sì kọ òyìnbó. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá kan náà tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ló tún ṣe ògbifọ̀, tó tún ṣe akọ̀wé, tó tún ṣe ẹlẹ́rìí pé àtàǹpàkò yìí kì í ṣe tipá, bi í léèrè. Bí ó bá sì jẹ́ ẹlòmíì ló túmọ̀ rẹ̀, ẹni yẹn gbọ́dọ̀ wá sí kóòtù kí ó wá sọ ohun tí ó gbọ́. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ àti ti owó èlé náà ń bẹ. Òfin ààbò fún àwọn tí kò kàwé ní kí ẹni tó kọ ìwé fún wọn kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀, pé wọ́n ka ìwé yìí fún un ní Yorùbá ó sì yé e dáadáa, má ṣe fọwọ́ sí i láé bí ìwọ fúnra rẹ kò bá kà á. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sórí ogún ìwé, tí wọ́n kàn ń tẹ̀ka sí i.

O lè bi mí pé ìgbà wo ni èdè òyìnbó di ọ̀gá ní kóòtù tó báyìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn jẹ irú ìyà yìí. Èdè Faransé ni lọ́yà wọn fi ń rojọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun wọn, Látìn ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, àgbẹ̀ tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ kò gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ní 1362, lábẹ́ Ọba Edward Kẹta, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ torí pé àwọn èèyàn kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin yẹn gan-an! Ó di 1733 kí Látìn tó kúrò nínú ìwé kóòtù wọn pátápátá. Tanzania gbé tiwọn yá: ní 2021, òfin wọn sọ Kiswahili di èdè kóòtù. Àwọn ìbátan wa ní Kétu, lápá Orílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni wọ́n fi ń dá wọn lẹ́jọ́, bí òyìnbó ṣe rí fún wa náà ló rí fún wọn. Nílẹ̀ wa, kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ nìkan ni tọkọtaya ti lè fi Yorùbá sọ tẹnu wọn dáadáa tí adájọ́ á sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo máa ń rò pé ara ìdí tí a fi ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ nìyí. Lágboolé, ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi jọ gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni. Ẹni tó ti kóòtù bọ̀ sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ lọ́yà lẹ́nu ọ̀nà pé, “Kí ni wọ́n sọ?”

Ní ti Yorùbá rẹ tó ń bà ọ́ lẹ́rù. O kọ̀wé sí mi pé, “Bàbá, mo mọ béèlì ní òyìnbó, mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́.” Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín bí ẹ bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Èmi àti ìyá rẹ sanwó ilé ẹ̀kọ́ náà, a sì dúpẹ́ pé o mọ òyìnbó, òun lo fi di lọ́yà. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ọ̀kan pa èkejì. Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó àwọn ọmọ kan jọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, òyìnbó sì ní olùkọ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí òyìnbó lẹ́yìn ọdún kẹta kò borí wọn, òyìnbó pàápàá kò sì sọnù lọ́wọ́ wọn. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2022, wọ́n sì kéde ní 2025 pé àwọn ti fagi lé e. Ìjọba ń ṣe tìjọba. Ìwọ ń lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé.

Nítorí náà, ohun tí o máa ṣe nìyí. Mú ọ̀rọ̀ òfin kọ̀ọ̀kan tí ò ń lò jù, béèlì, onídùúró, ẹ̀rí, ìsúnsíwájú, ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, kí o pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní Bódìjà, kí o ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn láì fi òyìnbó là á. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ padà fún ọ. Ibi tí wọ́n bá ti sọ ọ́ gba ibòmíì, ibẹ̀ ni ìwọ gan-an kò tíì mọ̀ dénú, òyìnbó ló ń bo àìmọ̀ náà mọ́lẹ̀. Lọ jókòó sẹ́yìn ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, kí o gbọ́ bí àwọn àgbà adájọ́ ṣe ń bi èèyàn ní ìbéèrè láì kàn án lábùkù. Má máa wá Yorùbá ìjìnlẹ̀ kiri, ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ kò wá gbọ́ ewì. Béèlì ni kí o máa pè é. Gbogbo ìyá ọlọ́jà ló mọ béèlì. Èyí tí wọn ò mọ̀ ni pé òfin kò ní kí wọ́n san kọ́bọ̀ fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìkìlọ̀ kan kù. Torí pé o gbọ́ Yorùbá, àwọn adájọ́ kan á ní kí o kúkú máa túmọ̀ fún oníbàárà rẹ. Fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́. Ẹni tó ń rojọ́ kò lè ṣe ògbifọ̀ fún ẹjọ́ kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, ẹnu rẹ ni wọ́n máa ní ó yí i. Jẹ́ kí ògbifọ̀ kóòtù ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí etí tìrẹ wà lára èdè méjèèjì. Bí ó bá sì yí nǹkan kan, má dúró di ìgbà tó bá kàn ọ́. Dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, sọ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ gan-an ní Yorùbá, kí o ní kí adájọ́ kọ Yorùbá náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn kan á fajú ro. Má bá ògbifọ̀ jà, má sì fi í ṣẹ̀sín níta, owó oṣù rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dùn ún láti àárọ̀. Kí i dáadáa kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, sọ fún un irú ẹjọ́ tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe àti àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń bọ̀ kì í méfò púpọ̀.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Wọ́n ní èlùbọ́ rẹ ti wà nílẹ̀, kí o wá gbé e kí kòkòrò tó dá sí i. Tí o bá ń bọ̀, mú ìwé ẹ̀sùn tí ẹjọ́ ọjọ́ Ajé yẹn dá lé lórí dání. Ní ti ẹ̀sùn kejì, ó dà bíi pé ohun tí o sọ pé ó wà nínú ìwé náà yàtọ̀ sí ohun tí oníbàárà rẹ sọ fún ọ lórí fóònù, a ó jọ kà á.

Èmi ni bàbá rẹ.